Wọ́n ní ilé-ìwé tẹ́ àwọn lọ́rùn, síbẹ̀ wọ́n ń lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí kò tóbi púpọ̀ ní Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó 1,200. Lọ́dún tó kọjá, a fi líǹkì fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí WhatsApp, akẹ́kọ̀ọ́ 140 dáhùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló sọ pé ilé-ìwé tẹ́ àwọn lọ́rùn. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun wọlé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà ní ọdún kìíní ni kò padà wá. Ọ̀gá wa ti ní kí n tún ìwádìí náà ṣe: ibi tí àwọn ọmọ yìí ti wá, bí wọ́n ṣe ń gbé, àti bóyá ilé-ìwé tẹ́ wọn lọ́rùn. Níbo la ti ṣì í, báwo ni kí n sì ṣe é tí yóò fi wúlò?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, ẹ sì kú ìrònú ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn 140 yẹn kò purọ́. Ó ṣeé ṣe kí ilé-ìwé tẹ́ wọn lọ́rùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú akẹ́kọ̀ọ́ 1,200, wọn kò tó méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún, kì í sì í ṣe ẹ̀yin lẹ yàn wọ́n, àwọn fúnra wọn ló yan ara wọn. Ẹni tó ní fóònù tó dára, tó ní dátà lọ́jọ́ náà, tó ṣì wà nínú gúrúùpù kíláàsì, tó sì fẹ́ràn ilé-ìwé débi tí yóò fi jókòó kọ nǹkan fún un, òun ló dáhùn. Ọmọ tó ti ń rò ó pé òun kò ní padà wá lẹ́yìn ìsinmi ti lè kúrò nínú gúrúùpù yẹn tipẹ́. Ohun kejì ni pé ìbéèrè tí ẹ bi wọ́n jẹ́ èyí tí ọmọ tí a kọ́ nílé ti mọ èsì rẹ̀: bí àgbà bá ní ṣé kò sí o, a ó kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, kí a tó ṣàlàyé. Fọ́ọ̀mù yín gba ọpẹ́, kò gba àlàyé.

Ohun tí ẹ nílò ni ìwé ìbéèrè kan tí ibi tí ọmọ ti wá, bó ṣe ń gbé, àti bí ilé-ìwé ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn tó yóò ti jọ wà lójú kan, láti ẹnu ẹnì kan náà. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí nílẹ̀ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1966 ni Alexander Astin, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ gíga, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní ìwé ìbéèrè nígbà tí wọ́n bá ń wọlé: ta ni òbí rẹ, irú ilé-ìwé wo lo ti jáde, ta ni yóò san owó, kí lo ń retí. Ní ọdún 2000 ni èyí tí wọ́n ń pè ní NSSE (National Survey of Student Engagement) bẹ̀rẹ̀ láti Yunifásítì Indiana. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi àkókò rẹ̀ ṣe ni tirẹ̀ ń wá: wákàtí mélòó lo fi ń kàwé nínú ọ̀sẹ̀, ìgbà mélòó lo bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2005, àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn ni wọ́n ń bi ní èrò wọn lórí ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà. Astin fúnra rẹ̀ ló tẹnu mọ́ ọn pé èèyàn kò lè ṣèdájọ́ ohun tí ilé-ìwé ṣe fún ọmọ láìmọ ohun tí ọmọ náà gbé wọlé. Ilé-ìwé kékeré bíi tiyín kò nílò ìwádìí mẹ́ta. Ẹyọ kan tó dúró dáadáa tó.

Ẹ wo ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ wà lójú kan. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ 300 dáhùn, tí 150 sọ pé ilé-ìkàwé tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ìdajì gééré. Ọ̀gá yóò kà á, yóò ní kò burú. Ẹ wá pín wọn sí ibi tí wọ́n ń sùn. Àwọn 120 ń gbé hósítẹ́ẹ̀lì, 96 nínú wọn ló tẹ́ lọ́rùn, ìyẹn 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn 180 ń ti ìgboro wá, 54 péré ló tẹ́ lọ́rùn, ìyẹn 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń lo ọjọ́ wọn, ẹ ó rí i pé àwọn ará ìgboro ń kúrò nínú ọgbà láago mẹ́rin kí ọkọ̀ má baà wọ́n wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni aago márùn-ún ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ ilé-ìkàwé. Àwọn kan ń rí iná, àwọn kan kò rí i rí. Ìdajì gééré tí ẹ kọ́kọ́ rí kò sọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí ẹ bá sì ní ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹ kò mọ ẹni tó kọ èwo, ẹ kò ní rí i láéláé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmọ ti wá, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè ti máa ń bàjẹ́.

Ẹ má béèrè iye tí òbí ń gbà lóṣù. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba kò ní iye kan pàtó lóṣù, ọmọ tó bá sì mọ̀ ọ́n yóò dín in kù bó bá rò pé ìrànwọ́ owó ń bọ̀, tàbí kó fi kún un bó bá ń tijú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í. Ohun tó fojú rí nílé ni kí ẹ béèrè: ṣé fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, ṣé jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà wà, ṣé ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà wà, ṣé kọ̀ǹpútà wà, níbo ni wọ́n ti ń pọn omi, ṣé ìdílé yín nìkan ló ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín àbí ẹ̀yin àti àwọn àjọgbé. Irú ọ̀nà yìí ni ìwádìí ìlera tí àjọ ètò ìkànìyàn ń ṣe káàkiri Nàìjíríà fi ń pín ilé sí ìpele márùn-ún, láti orí èyí tí nǹkan nira fún jù dé èyí tó rọrùn fún jù. Tiyín kò ní láti le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka iye nǹkan tó wà, kí ẹ sì pín àwọn ọmọ sí mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè tí mo kà sí pàtàkì jù nínú apá yìí: ta ló san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilé-ìwé rẹ lọ́dún yìí? Ẹ má kàn kọ «òbí» síbẹ̀. Ẹ kọ bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò bàbá tàbí ìyá, ọkọ tàbí ìyàwó, èmi fúnra mi, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti owó yíyá NELFUND tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024, bí àwọn ọmọ yín bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọmọ tí ìyá nìkan ń san owó fún àti ọmọ tí bàbá àti ìyá jọ ń san tirẹ̀ kì í fara gba ìṣòro kan náà nígbà tí ọjà bá dẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún «ó ti di olóògbé» nínú ìbéèrè tó bá kan bàbá tàbí ìyá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọmọ òrukàn yóò fò ó, ẹ̀yin náà yóò sì rò pé ó gbàgbé ni.

Ní ti iye ọmọ nínú ilé, ìbéèrè kan kò tó ní ilẹ̀ wa. Mélòó ni ìyá rẹ bí? Mélòó ni bàbá rẹ bí? Mélòó nínú gbogbo wọn ló wà nílé-ìwé báyìí tí ẹni tó ń san owó rẹ náà ń san tiwọn? Èyí ẹ̀kẹta ló ń ṣàlàyé ìdí tí ọmọ fi lè san owó sáà kìíní láìsí wàhálà kó sì sọnù ní sáà kejì: owó ọmọ mẹ́rin ló dé lóṣù kan náà. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga rí ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀gbọ́n tí yóò sọ fún un pé kò sí nǹkan ìtìjú nínú kí èèyàn kàn sí olùkọ́, tàbí pé ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè mìíràn tí mi ò ní fẹ́ kí ẹ fò: ṣé kọ́ọ̀sì tí o yàn lo ń kà yìí, àbí èyí tí wọ́n fún ọ? Ẹni tó fẹ́ ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n fún ní nǹkan mìíràn lè fẹ́ràn olùkọ́ rẹ̀, kó fẹ́ràn hósítẹ́ẹ̀lì, kó sì tún ti ra fọ́ọ̀mù JAMB mìíràn. Ẹ béèrè iye ìgbà tó ti ṣe JAMB, àti iye ọdún tó wà láàárín WAEC tàbí NECO rẹ̀ àti ìgbà tó wọlé. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ aránṣọ kó tó wọlé kì í gbé ayé kan náà pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

Níbo lo ń sùn láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì? Hósítẹ́ẹ̀lì, yàrá tí mo háyà, ilé òbí mi, ilé ìbátan. Ẹ má ṣe da ilé òbí pọ̀ mọ́ ilé ìbátan. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀ lè má san owó ilé rárá, àmọ́ ó lè jẹ́ òun ni yóò pọn omi, tí yóò gbé ọjà lọ sí ìsọ̀ kó tó wá sí kíláàsì aago mẹ́jọ, tí yóò sì padà lọ palẹ̀ ọjà mọ́ nírọ̀lẹ́. Lójú ìwé, «ó ń gbé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí». Ní ti wákàtí tó kù fún ìwé kíká, òun ló lè kéré jù nínú gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ya àwọn tó ń ti Ìlobùú, Ẹdẹ tàbí Ìkìrun wá lójoojúmọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ará ìgboro Òṣogbo.

Nípa ẹ̀sìn àti ẹ̀yà, bí kò bá sí ohun kan pàtó tí ẹ fẹ́ fi ìdáhùn náà ṣe, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ni apá kejì, òfin kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ dì mú gírígírí: ẹ béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ní àkókò tó lópin. «Ṣé o máa ń kàwé dáadáa?» kò ní èsì. «Lọ́pọ̀ ìgbà» lẹ́nu ẹnì kan jẹ́ ìgbà méjì lọ́sẹ̀, lẹ́nu ẹlòmíràn ó jẹ́ ìgbà méjì lóòjọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: nínú ọjọ́ méje tó kọjá, ọjọ́ mélòó lo fi ka ìwé kíláàsì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán? Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, aago mélòó lo jí, aago mélòó lo dé ilé-ìwé, aago mélòó lo sùn? Ọjọ́ kan pàtó rọrùn láti rántí. Ẹ fún wọn ní tábìlì kékeré fún ọjọ́ náà, kí wọ́n kọ wákàtí sí ojú oorun, iṣẹ́ ilé, ojú ọ̀nà, kíláàsì, ìwé kíkà, iṣẹ́ tó ń mówó wọlé, ìjọsìn, fóònù àti ìgbafẹ́, pẹ̀lú àyè fún ohun mìíràn. Àròpọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 24. Èyí tó bá lé e tàbí tó dín ju wákàtí méjì lọ, ẹ dá a padà fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó tún un wò. Fóònù ni yóò máa dá yín láàmú jù níbẹ̀, torí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ nínú kíláàsì pàápàá. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí o ń ṣe gan-an ni kí o kọ, àfi bó bá jẹ́ fóònù nìkan lo jókòó tì.

Iṣẹ́ owó ni ibi tí ìdáhùn ti máa ń lọ sódì jù. Bí ẹ bá béèrè pé «ṣé o ń ṣiṣẹ́?», ọmọ tó ń dirun fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní hósítẹ́ẹ̀lì yóò ní rárá. Ẹni tó ń ta dátà, ẹni tó ń jókòó ti POS lẹ́yìn kíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọláìyá, ẹni tó ń bá èèyàn tún fóònù ṣe, gbogbo wọn yóò ní rárá, torí iṣẹ́ lójú wọn ni ibi tí wọ́n ti ń gba owó oṣù. Ẹ béèrè pé: nínú ọjọ́ méje tó kọjá, ǹjẹ́ o ṣe ohunkóhun tó mú owó wọlé fún ọ, bó ti wù kó kéré mọ, bíi dídirun, títa nǹkan, rírán aṣọ, POS, kíkọ́ ọmọ nílé tàbí ríran ẹnì kan lọ́wọ́ ní ìsọ̀? Wákàtí mélòó? Ṣé o pa kíláàsì kankan jẹ nítorí rẹ̀? Iye tó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni yóò ga ju ti ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ dáadáa.

Oúnjẹ náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má ní «ṣé o ń jẹun yó?» Ìgbà mélòó lo jẹun lánàá? Nínú ọjọ́ méje tó kọjá, ọjọ́ mélòó lo fo oúnjẹ nítorí pé kò sí owó? Ẹ fi «nítorí pé kò sí owó» síbẹ̀ dandan, kí àwọn tó gbààwẹ̀ má baà wọ inú rẹ̀. Fún ọkọ̀: ọkọ̀ mélòó lo wọ̀ kí o tó dé ilé-ìwé lọ́jọ́ náà, kórópe, kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà, èló sì ni àlọ àti àbọ̀? Ọmọ tó ní láti wọ méjì, tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Òkè-Fìà kó tó wọ òmíràn, ń ná ohun tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn wá kò mọ̀ pé ó wà. Ẹ wo iye tó ń ná sórí ọkọ̀ lọ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọjọ́ tó wá. Ọ̀pọ̀ ohun tí olùkọ́ ń pè ní ọ̀lẹ wà lórí ìlà yẹn.

Ẹ má béèrè nípa yahoo tàbí ẹgbẹ́ òkùnkùn nínú ìwé yìí. Ẹni tó ń ṣe é kò ní kọ ọ́, ẹni tí kò ṣe é yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ọlọ́pàá ló wà lẹ́yìn ìwé náà, gbogbo ìdáhùn tó tẹ̀ lé e yóò sì tutù.

Ní ti ìtẹ́lọ́rùn, ẹ pa ìbéèrè gbogbogbòò tì di ìgbẹ̀yìn. Ẹ to nǹkan bíi 12 sílẹ̀, ohun tí ilé-ìwé lè fọwọ́ kàn: omi ní hósítẹ́ẹ̀lì, iná níbi ìkàwé, olùkọ́ tó ń wá lákòókò, ìgbà tí èsì ìdánwò ń jáde, iye ìwé tí olùkọ́ ń tà, ilé ìwòsàn, ìmọ́tótó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn ní ọ́fíìsì owó, àti irú wọn. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mejì, láti 1 sí 5: báwo ni èyí ṣe ṣe pàtàkì sí ọ tó, báwo ló sì ṣe tẹ́ ọ lọ́rùn tó. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì lẹ ń wá. Bí pápá ìṣeré bá gba 2.0 ní ìtẹ́lọ́rùn ṣùgbọ́n tí pàtàkì rẹ̀ jẹ́ 2.3, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kánjúkánjú. Bí ìgbà tí èsì ń jáde bá gba 2.4 tí pàtàkì rẹ̀ sì jẹ́ 4.7, ibẹ̀ gan-an ni owó àti okun yẹ kó lọ. Ẹ fi ojú kẹfà sí i, «kò kàn mí», kí ọmọ tó ń gbé ìgboro má baà máa fi 3 sí omi hósítẹ́ẹ̀lì tí kò pọn rí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá béèrè pé: bí àbúrò rẹ bá fẹ́ wọ ilé-ìwé yìí, kí lo máa sọ fún un? Ẹ fi ìlà mẹ́rin òfìfo sílẹ̀. Ọmọ tó tijú láti sọ fún yín pé nǹkan kò dára kò ní tan àbúrò rẹ̀ jẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún ìbéèrè olórí méjì, bíi «ṣé àwọn olùkọ́ ń tètè dé, tí wọ́n sì ń ṣàlàyé dáadáa?» Bí wọ́n bá ń tètè dé tí àlàyé wọn kò sì yéni ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ orí tó gun ara wọn, 16 sí 18, 18 sí 20. Kí gbogbo rẹ̀ má ju ìbéèrè 40 lọ, kó má sì gbà ju ìṣẹ́jú 15. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sókè, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tara wọn, ní Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, sọ ohun tí wọ́n rò pé ẹ ń béèrè. Ìbéèrè tí méjì nínú wọn bá túmọ̀ sí nǹkan mìíràn, ẹ tún un kọ.

Ẹni tí ẹ máa bi ló kàn. Ẹ gba orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ réjísírà. Ìlànà Taro Yamane tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń mọ iye ẹni tó yẹ kí wọ́n bi nínú iṣẹ́ àṣejáde wọn tó fún èyí: ẹ fi 0.05 (ìyẹn àṣìṣe 5 nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ gbà láyè) lọ́nà 0.05, tó jẹ́ 0.0025, sọ 1,200 di púpọ̀, ó di 3. Ẹ fi 1 kún un, ó di 4. Ẹ fi 4 pín 1,200, ó di 300. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹ bá yàn lẹ máa rí, nítorí náà ẹ yan 400. Ẹ to orúkọ náà ní ẹ̀ka sí ẹ̀ka, ọdún sí ọdún, kí ẹ wá mú ẹyọ kan nínú mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ kọ 1, 2 àti 3 sórí bébà, ẹ mú ọ̀kan láìwò. Bó bá jẹ́ 2, ẹ mú ẹni kejì, ìkarùn-ún, ìkẹjọ, títí dópin.

Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́ kékeré kan, ká ní akẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́ 60, ìlànà yìí yóò mú 20 péré, kò sì ní tó fún ohunkóhun. Ẹ mú gbogbo wọn. Àmọ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣírò ti gbogbo ilé-ìwé, ẹ ka ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹlòmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn wọn yóò bo ti ìyókù. Bí ẹ kò bá sì rí ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ jáde, ẹ wá a lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà nítòsí dípò rẹ̀. Ẹni tó ṣòro láti rí gan-an ni ìtàn rẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ nínú sáà. Ṣáájú ìyẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kò tíì mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ìbẹ̀rù ìdánwò ni wọ́n máa kọ. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ tí owó ilé-ìwé ń parí, àti ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ, torí ìgboro máa ń kún, ìdáhùn nípa ọkọ̀ àti iye tí wọ́n ná kò sì ní jọ ti ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́rú ló dára jù, wọ́n á ṣì rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọn kò sì tíì máa rọ́ lọ sílé.

Kí olùkọ́ wọn má dúró níbẹ̀. Kí ẹ̀yin náà má dúró níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wá àgùnbánirọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọn kò kọ́ni nílé-ìwé yín, ẹ kọ́ wọn fún ọjọ́ kan, kí wọ́n pín bébà, kí wọ́n sì gbé àpótí tí ẹ ti lẹ̀ pa yíká. Bí ẹ bá fẹ́ lo fóònù, KoboToolbox, ètò tí a fi ń gba ìdáhùn lórí fóònù, ń ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò fi ìdáhùn pamọ́ di ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Bébà rọrùn ju bí ẹ ti rò lọ fún 400, kìkì pé ẹni méjì gbọ́dọ̀ tẹ ìdáhùn sínú kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi wọ́n wé ara wọn.

Ní báyìí, àwọn tó ti lọ. Kò sí bí ìwé 400 yìí ṣe lè dára tó, kò ní bá wọn sọ̀rọ̀, torí orúkọ wọn kò sí lọ́dọ̀ réjísírà mọ́. Ẹ gba orúkọ àwọn tó wọlé lọ́dún tó kọjá, ẹ yọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dún yìí kúrò. Àwọn tó ṣẹ́ kù ni kí ẹ pè lórí fóònù, gbogbo wọn bí wọn kò bá ju 60 lọ. Kí ẹni tó máa pè wọ́n jẹ́ ẹni tó ní sùúrù, tó lè kí ìyá tó bá gbé fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó: kí lò ń ṣe báyìí? Ìgbà wo lo kọ́kọ́ rò ó pé o kò ní padà? Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn? Kí ni ì bá mú ọ dúró? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «kí ló dé tí o fi lọ?», torí ẹ̀bi ló máa gbọ́ níbẹ̀. Ẹ ó rí i pé gbogbo ìlọ kọ́ ni ìbínú. Ẹnì kan rí kọ́ọ̀sì tó fẹ́ níbòmíràn, ẹnì kan lóyún, ẹnì kan ṣàìsàn, ẹnì kan kò rí owó tó kù díẹ̀ san ní ọjọ́ tí ọjọ́ pé. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí ni ilé-ìwé lè ṣe nǹkan sí, wọ́n sì lè jẹ́ ẹni tó fi 5 sí ohun gbogbo nínú ìwé tọdún tó kọjá.

Kí ẹ lè tọpa ẹni tó dáhùn lọ́dún yìí dé ọdún tó ń bọ̀, ẹ ó nílò nọ́ńbà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo nọ́ńbà matric. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tuntun, kí ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí kì í ṣe olùkọ́, nínú àpótí títì. Ẹ sọ èyí fún wọn lójú ìwé àkọ́kọ́, pẹ̀lú ohun tí ẹ fẹ́ fi ìdáhùn ṣe, ìgbà tí ẹ máa sun bébà náà, àti pé kò pọn dandan láti dáhùn. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni aráàlú ti ọdún 2023 kan ilé-ìwé náà, ọ̀rọ̀ ìlera àti ẹ̀sìn sì wà lára ohun tó fi ààbò tó le sí. Fún àwọn tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ẹ fi ìwé ìyọ̀ǹda òbí sínú àwọn ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí nígbà ìforúkọsílẹ̀, ó rọrùn níbẹ̀ ju kí ẹ máa wá òbí kiri lọ.

Nígbà tí ìdáhùn bá wọlé, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọn kan fa ìlà kan ṣoṣo wálẹ̀, 5 lórí gbogbo nǹkan, títí kan ohun tó yẹ kó jẹ́ «kò kàn mí». Ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀, ẹ sì sọ iye wọn nínú ìròyìn. Ẹ ṣọ́ra fún ẹgbẹ́ kékeré: pẹ̀lú ẹni 300, ohun tí ẹ rí lè fi nǹkan bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí òtítọ́, sókè tàbí sílẹ̀, pẹ̀lú ẹni 40, ó lè tó 15. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ẹ̀ka kan dára ju èkejì lọ torí 58 àti 52. Ẹgbẹ́ tí kò tó ẹni mẹ́wàá, ẹ má tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde, wọ́n á mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Dípò ìpíndọ́gba nìkan, ẹ sọ iye tó fi 1 tàbí 2 sí nǹkan, torí àwọn yẹn ni wọ́n wà létí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tò wọ́n sí ibi tí wọ́n ń sùn, ẹni tó ń san owó, kọ́ọ̀sì tí wọ́n yàn tàbí tí wọ́n fún wọn, àti wákàtí tí iṣẹ́ owó ń gbà. Pípín mẹ́rin yìí tó. Bí ẹ bá pín in ogún ọ̀nà, ẹ ó rí ìyàtọ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Ìròyìn fún ọ̀gá yín kò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé mẹ́rin lọ: àlàfo márùn-ún tó tóbi jù, àwọn tó kàn, iye tí àtúnṣe rẹ̀ máa ná. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tí ẹ parí ìṣírò, ẹ lẹ ojú ewé kan mọ́ ara ògiri níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọjá, kí ẹ sì fi sórí WhatsApp náà. Ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ, ohun tí ẹ máa ṣe àti ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún kọ ohun tí ẹ kò ní lè ṣe lọ́dún yìí, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti mú kí jẹnẹrétọ̀ ilé-ìkàwé máa tètè tàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ kọ aago tuntun náà síbẹ̀ gàdàgbà, kí àwọn tó ń ti ìgboro wá lè mọ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ.